Ìwé ọmọ yín tó ń kọ́ṣẹ́ ọ̀gá ológun: bí a ṣe ń tò ó, bí a ṣe ń pa á mọ́

Lọ́dọọdún, bí ìkéde concours iṣẹ́ ológun bá ti jáde, àwọn òbí máa ń kan ilẹ̀kùn wa. Wọ́n á gbé sachet dúdú kan sílẹ̀, wọ́n á ní: «Ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́, ẹ bá wa wo ìwé ọmọ yìí, kí ló kù?» A óò da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní. A óò rí acte de naissance tí wọ́n ká sí ọ̀nà mẹ́jọ, tó ti fẹ́ ya níbi tí wọ́n ti ká a. A óò rí relevé bac tí epo pupa ti kán sí. A óò rí ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ní jẹ́ ti ọmọ náà, ti àbúrò rẹ̀ ni. Ọmọ náà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní lè sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ń múra láti di élève-officier, àti ẹ̀yin tí ọmọ yín ti wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó le nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé púpọ̀ náà lè ṣe é, bí ọmọ bá jókòó tì í. Ohun méjì péré la fẹ́ kó yé yín: kí ẹ to ìwé náà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀, kí orúkọ ọmọ sì rí bákan náà lórí gbogbo wọn.

Ibi tí ìwé náà ń lọ

Ní Benin, École Nationale des Officiers wà ní Toffo, ní ẹkùn Atlantique. Ní Tógò, iléèwé àwọn ọ̀gá ológun, tí wọ́n ń pè ní EFOFAT, wà ní Pya, nítòsí Kara. Àwọn ọmọ mìíràn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré: àwọn ọkùnrin ní Prytanée militaire ní Bembèrèkè, àwọn obìnrin ní Lycée militaire ní Natitingou. Ìjọba sì máa ń rán àwọn kan lọ sí iléèwé ológun orílẹ̀-èdè mìíràn. Iléèwé Thiès ní Sẹ̀nẹ̀gà, ti Meknès ní Mòrókò, àti ti Saint-Cyr Coëtquidan ní ilẹ̀ Faransé máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn.

Ẹ wá wò ó. Ìwé tí wọ́n kọ ní mairie Kétu lọ́jọ́ tí ọmọ pé ọjọ́ díẹ̀ láyé, ọ̀gá kan tí kò mọ Kétu rí ló máa kà á lọ́jọ́ kan. Kò mọ bàbá ọmọ, kò mọ ìyá rẹ̀, kò mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n lọ́mọ rere. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí ìwé méjì bá ń jiyàn, kò ní í mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, yóò sì fi méjèèjì sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wa

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ará ilé wa kan fẹ́ di ọ̀gá ológun. Ọmọ náà lè sáré, ó sì mọ ìṣirò. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ àgbà ló wà nígbà tó wà ní kékeré, ní abúlé kan lẹ́bàá bodè Nàìjíríà, ibẹ̀ ló ti ka ọdún méjì àkọ́kọ́. Nígbà tó padà wá, olùkọ́ tó gbà á síléèwé wo ìwé tó mú wá láti òdìkejì, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe rí i: Ojo. Bẹ́ẹ̀, Odjo ló wà lórí acte de naissance rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i. CEP jáde, Ojo. BEPC jáde, Ojo. Bac jáde, Ojo.

Ọjọ́ tó fẹ́ fi dossier sílẹ̀ fún concours ni ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì tó wo acte, tó tún wo attestation bac, ó ní: «Èèyàn méjì nìyí.» Létà d kan ṣoṣo ni. Wọ́n ní kó lọ gba ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tí yóò sọ pé ẹnì kan náà ni. Ó lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí wọ́n ti dossier, ìwé ilé ẹjọ́ kò sì lè jáde láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí concours mìíràn máa fi jáde, ọjọ́ orí rẹ̀ ti fi oṣù mélòó kan ju èyí tí ìkéde sọ lọ.

Lónìí, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń bọ́ ilé rẹ̀. Àmọ́ bí ọkọ̀ ológun bá ń kọjá lójú ọ̀nà, a máa ń rí i tó ń yí ojú sápá kan. A kò lè di ẹ̀bi yìí ru ìyá àgbà. Àwa olùkọ́ la kọ orúkọ sílẹ̀ láìbéèrè acte. Láti ọjọ́ náà, a ti ń sọ fún àwọn tí a ń kọ́ níṣẹ́ olùkọ́ pé kí wọ́n má kọ orúkọ ọmọ kankan sí ìwé ìdánwò láìjẹ́ pé acte rẹ̀ wà níwájú wọn.

Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lóde òní, ẹ tún wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ náà. Orúkọ Yorùbá kan lè ní ìrísí mẹ́ta lórí ìwé. Òjó ń di Odjo ní Benin, ó ń di Ojo ní Nàìjíríà. Àjàyí ń di Adjayi tàbí Adjaï. Ṣàbí lè di Chabi, Tchabi tàbí Sabi, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó mú bíìkì. Nínú ilé kan náà, bàbá lè jẹ́ Chabi, kí ọmọ jẹ́ Tchabi.

Ẹ mú gbogbo ìwé ọmọ náà, ẹ tò wọ́n sílẹ̀ lórí ẹní, ẹ sì ka orúkọ ní létà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo nǹkan márùn-ún: orúkọ ìdílé, orúkọ àbísọ gbogbo àti bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ọjọ́ ìbí, ibi ìbí, orúkọ bàbá àti ìyá. Ẹ má sọ pé «kékeré ni». Bí «Kétou» bá wà lórí ọ̀kan, tí «Idigny» wà lórí èkejì, ìyẹn náà jẹ́ ìṣòro.

Ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì, ẹ ṣọ́ra lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ ìbí kan náà, ibi ìbí kan náà, òbí kan náà: Taïwo àti Kéhindé nìkan ló ya ìwé wọn sọ́tọ̀. A ti rí carnet vaccination Kéhindé nínú dossier Taïwo rí. Ẹ ra chemise aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ má fi bíìkì tún un ṣe lórí ìwé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi owó «tún un ṣe» lábẹ́lẹ̀. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ kàn di ìwé èké, ìyẹn sì lè sọ ọmọ sẹ́wọ̀n dípò iléèwé. Ẹ lọ sí mairie tó kọ acte náà, kí wọ́n sọ fún yín bóyá wọ́n lè tún un ṣe tàbí ó di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ máa ń gba àkókò. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a ṣe àyẹ̀wò yìí nígbà tí ọmọ ṣì wà ní seconde, kí ó má di ọ̀sẹ̀ tí concours jáde. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó.

Chemise márùn-ún

Ẹ lọ sí ọjà, ẹ ra chemise oníkáádì márùn-ún, kí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra. Èyí tó bá gba ìwé A4 láìká a ni kí ẹ rà. Ẹ tún ra àwọn pochette onírọ́bà tó mọ́ gaara, kí ìwé kọ̀ọ̀kan wọ inú tirẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ọmọ ní kíkún sára chemise kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tí ọmọ jẹ́. Acte de naissance ló ṣáájú. Ní Benin, ẹ fi ìwé CIP tí ANIP ń fúnni tì í. Nọ́ńbà NPI wà lórí rẹ̀, ó sì yẹ kí ọmọ mọ nọ́ńbà náà lórí. Ẹ fi káàdì ìdánimọ̀, certificat de nationalité, pásípọ́ọ̀tù bó bá ní in, casier judiciaire, àti fọ́tò ìdánimọ̀ mẹ́fà ó kéré tán síbẹ̀. Ẹ rántí pé oṣù mẹ́ta péré ni casier judiciaire máa ń wúlò fún, nítorí náà ẹ má sáré gbà á ṣáájú. Ti pásípọ́ọ̀tù, ẹ wo ọjọ́ tó máa parí: ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń fẹ́ kó ṣẹ́ ku oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn wọlé.

Èkejì ni ti ẹ̀kọ́: CEP, BEPC, bac, pẹ̀lú relevé gbogbo wọn, àti bulletin láti seconde dé terminale. Bó bá ti lọ yunifásítì, àwọn relevé yunifásítì náà. Ẹ ka ìsàlẹ̀ relevé dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ sí pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fúnni. Ìyẹn ni pé bó bá sọnù, wàhálà gidi ni. Ojúlówó kò gbọ́dọ̀ jáde nílé àfi kí wọ́n fi ṣe copie légalisée, tàbí kí wọ́n béèrè pé àwọn fẹ́ fojú rí i.

Ẹ̀kẹta ni ti ìlera: carnet de santé láti kékeré, carnet vaccination, ìwé tó sọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìwé awò ojú, àti ìwé ilé ìwòsàn bó bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní káàdì tirẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò. Ẹni tó bá máa rìnrìn àjò lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn máa nílò rẹ̀. Ẹ má fi àìsàn pamọ́ nípa yíyọ ìwé kúrò. Iṣẹ́ ológun le, ohun tí ẹ bá fi pamọ́ lè pa ọmọ lórí pápá.

Ẹ̀kẹrin ni ti iṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀. Nínú èyí la máa fi ìkéde concours tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé sí, récépissé dossier, convocation, èsì ìdánwò, ìwé tí ọmọ fọwọ́ sí nígbà tó wọṣẹ́, ìwé tí nọ́ńbà matricule rẹ̀ wà lórí rẹ̀, titre de permission, ordre de mission, ìwé tó fi gba aṣọ àti ohun èlò, relevé ìdánwò iléèwé ológun, àti brevet tàbí diploma kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀karùn-ún ni ti owó: RIB báńkì, ìwé owó oṣù tàbí owó ìrànwọ́, risíìtì ohun tí ẹ rà fún iléèwé. Ẹ ṣọ́ risíìtì kékeré tó ń jáde látinú ẹ̀rọ báńkì: tàdáwà rẹ̀ máa ń parẹ́ bí oṣù mélòó kan bá kọjá tàbí bí oòrùn bá pa á. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbà á.

Nínú chemise kọ̀ọ̀kan, ìwé tó dé kẹ́yìn ni kó wà lókè.

Kàyé tó ń ṣọ́ ìwé

Chemise dára, àmọ́ kò lè sọ ibi tí ìwé tó jáde wà. Ẹ ra kàyé oníwé ọgọ́rùn-ún kan. Ẹ fi rula pín ojú ewé sí márùn-ún: ọjọ́, orúkọ ìwé, nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀, ẹni tó gbà á, ọjọ́ tó padà. Gbogbo ìwé tó bá wọlé, ẹ kọ ọ́. Gbogbo ìwé tó bá jáde, ẹ kọ ọ́, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ ló yá a láti ṣe fọ́tòkọ́pì ní Bohicon tó ní òun ń bọ̀ lọ́la.

Ẹ kọ ọjọ́ ní kíkún. Bí ẹ bá kọ 3/4, ẹni kan á ní oṣù kẹrin ni, ẹni tó kàwé ní Amẹ́ríkà á ní oṣù kẹta ni. Ẹ kọ 3 avril 2025, ó parí.

Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, ẹ kọ àwọn ọjọ́ tí ìwé máa kú: pásípọ́ọ̀tù, káàdì ìdánimọ̀, casier. Ẹ wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe ń wo ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́.

Níbo ló yẹ kí ìwé wà?

Gbogbo wa la mọ ọ̀tá ìwé nílé wa: ikán, eku, òjò, àti ọmọ kékeré tó fẹ́ ya àwòrán. Ìwé tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lórí ilẹ̀, ikán ló ni ín. Ìwé tó wà nínú sachet tí wọ́n so mọ́ ìṣó lára ògiri, ọ̀rinrin á bà á jẹ́ bí òjò bá dé.

Àpótí irin, èyí tí àwọn ológun fúnra wọn ń pè ní cantine, ló dára jù. Ẹ gbé e sórí bíríkì méjì kó má kan ilẹ̀. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ẹ má fi kanfọ̀ sínú rẹ̀ kó kan ìwé, ẹ má fi epo tàbí oúnjẹ sínú rẹ̀. Ẹ yọ agrafe àti irin trombone kúrò lára ìwé, nítorí wọ́n máa ń dógùn-ún, ìpẹtà náà á sì jẹ ìwé. Ẹ má ṣe plastifier ojúlówó: ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í fẹ́ gbà á mọ́, nítorí wọn kò lè fọwọ́ kan òǹtẹ̀ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Pochette tí a lè yọ ìwé kúrò nínú rẹ̀ ti tó.

Ibi mẹ́ta ni kí ìwé wà. Ojúlówó wà nínú àpótí nílé. Fọ́tòkọ́pì àti copie légalisée méjì-méjì wà lọ́wọ́ ọmọ ní iléèwé. Fọ́tò tàbí PDF gbogbo wọn wà nínú imeeli ọmọ, kí ó má wà nínú tẹlifóònù nìkan, nítorí tẹlifóònù máa ń jábọ́ sínú kànga. Bí ọmọ bá ń pe ìwé lórúkọ nínú tẹlifóònù, kó fi ọdún ṣáájú: 2025-04-03 acte naissance. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á fi tẹ̀ lé ara wọn láìsí ìdàrúdàpọ̀.

Ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́? Ọ̀rọ̀ tó le nìyí nínú ilé púpọ̀. Bàbá ló sábà máa ń ní òun ni. Àmọ́ bí bàbá bá lọ oko fún oṣù kan ńkọ́? Bí bàbá bá kú, tí àwọn ẹbí ti yàrá rẹ̀ pa títí dìgbà tí wọ́n á fi pín ogún ńkọ́? A ti rí ọmọ tí acte rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí. Kí èèyàn méjì ní kọ́kọ́rọ́, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá ọmọ tàbí ẹni tí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn.

Nígbà tí ọmọ bá ti wọ iléèwé ológun

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ tí ọmọ wọ yunifọ́ọ̀mù. Iléèwé náà ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lórí ọmọ, òótọ́ ni. Àmọ́ èyí tí a ń sọ jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀, ó máa bá a lọ títí dọjọ́ ìfẹ̀yìntì.

Yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ológun kì í ṣe ibi tí ojúlówó ìwé yẹ kó wà. Àyè kékeré ni, èèyàn pọ̀, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ń kó kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Kí ọmọ ní chemise kan ṣoṣo níbẹ̀, tó ní fọ́tòkọ́pì nínú. Bó bá gba ìwé tuntun, kó ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí àṣẹ iléèwé bá gbà á láyè, kó sì mú ojúlówó wálé nígbà permission. Àlejò tó dé láti Toffo, kí ẹ tó bi í pé kí ló jẹ, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ìwé wo ló mú bọ̀. Ẹ̀rín ni, àmọ́ ẹ bi í.

Ìwé mẹ́ta wà tí kò gbọ́dọ̀ fojú kéré.

Relevé ìdánwò iléèwé ológun ni àkọ́kọ́. Ipò tí ọmọ bá gbà lè pinnu ibi tó máa lọ. Ní Saint-Cyr, fún àpẹẹrẹ, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe tẹ̀ lé ara wọn nínú èsì ni wọ́n fi ń yan ẹ̀ka iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́. Bí àṣìṣe bá wà nínú máàkì, ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ló lè fi ọ̀wọ̀ béèrè, kó sì gba ọ̀nà tí àṣẹ là sílẹ̀.

Ìkejì ni ìwé ìfarapa. Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn láti ṣe bí ọkùnrin: eékún wú, wọn ò sọ, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọ́n á mu paracétamol, wọ́n á tún sáré. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé bó bá fara pa nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kó lọ sí infirmerie lọ́jọ́ náà, kó rí i pé wọ́n kọ ọjọ́, ibi àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kó sì béèrè ẹ̀dà tí wọ́n bá lè fún un. Ní ogún ọdún sí i, bí eékún náà bá sọ ọ́ di arọ, ìwé ọjọ́ náà ló máa fi hàn pé inú iṣẹ́ ìjọba ló ti ṣẹlẹ̀. Àgbà ológun kan ládùúgbò wa ń rọ́ títí dòní, kò sì ní ojú ewé kan tó sọ ìdí rẹ̀.

Ìkẹta ni ibi tí wọ́n kọ «personne à prévenir» sí, ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa ń pààrọ̀ nọ́ńbà tẹlifóònù bí ẹni ń pààrọ̀ fìlà. Bí nọ́ńbà yín bá yí padà, kí ọmọ lọ yí i padà lórí ìwé náà lọ́sẹ̀ kan náà. Nọ́ńbà èèyàn méjì ló dára, kí àwọn méjèèjì má gbé inú ilé kan náà.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ jáde

Inú wa máa ń dùn, a sì máa ń fẹ́ kí ayé gbọ́. Àmọ́ ìwé iṣẹ́ ológun kì í ṣe fọ́tò ìkómọ. Ẹ má gbé káàdì ológun, ordre de mission tàbí ìwé tí matricule wà lórí rẹ̀ sórí WhatsApp tàbí Facebook. Àwọn gbájúẹ̀ ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí mìíràn, wọ́n á ní àwọn lè bá wọn fi ọmọ wọṣẹ́. Ní àríwá Benin àti ní àríwá Tógò, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń bá àwọn apániláyà jà, ìwé tó sọ ibi tí ẹnì kan ń lọ àti ọjọ́ tó ń lọ lè fi ẹ̀mí sínú ewu.

Ìwé tí wọ́n bá kọ «confidentiel» sí, tàbí ìwé ẹ̀kọ́ tí iléèwé ní kó má jáde, ọmọ kò gbọ́dọ̀ mú un wálé rárá, kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Kì í ṣe ìwé tirẹ̀, ti ìjọba ni. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú àpò rẹ̀, ẹ má bínú, ẹ sọ fún un kó dá a padà.

Bí ìwé bá sọnù ńkọ́?

Ẹ má jókòó sunkún, ẹ má sì fi pamọ́. Ẹ lọ sí kọmisáríà tó wà nítòsí, ẹ gba déclaration de perte. Ẹ mú fọ́tòkọ́pì ìwé tó sọnù lọ́wọ́ àti kàyé yín: nọ́ńbà tó wà nínú kàyé yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n tètè rí i nínú àkọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ọ́fíìsì tó fún yín ní ìwé náà: mairie fún acte, ilé ẹjọ́ fún certificat de nationalité, Office du baccalauréat fún ìwé bac. Ní Benin, ọ̀pọ̀ ìwé ni a lè béèrè lórí service-public.bj báyìí, láìjẹ́ pé èèyàn wọ mọ́tò lọ sí Kùtọnu. Bó bá jẹ́ káàdì ológun ló sọnù, kí ọmọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má dúró di ọ̀la.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀

Ẹ má dúró de ìkéde. Ẹ mú ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò pọ̀. Ẹ té ẹní, ẹ da ìwé sílẹ̀. Kí ọmọ máa kà, kí bàbá tàbí ìyá máa gbọ́. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹ ya ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ní wákàtí kejì, ẹ yẹ orúkọ wò, létà kan lẹ́yìn òmíràn. Ní wákàtí kẹta, ẹ tò wọ́n sínú chemise, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kàyé. Lọ́jọ́ kejì, kí ọmọ lọ ṣe fọ́tòkọ́pì. Ẹ kọ ohun tó kù síbì kan, kí ẹ máa wá a díẹ̀díẹ̀.

Bí ọmọ kò bá wọ iṣẹ́ ológun lẹ́yìn gbogbo èyí, ìwé tí ẹ tò kò ṣòfò. Chemise kan náà ló máa gbé lọ sí yunifásítì, sí iléèwé olùkọ́ lọ́dọ̀ wa níbí, tàbí sí ibi iṣẹ́ mìíràn.

Bí àṣìṣe bá wà lórí orúkọ tí ẹ kò sì mọ ibi tí ẹ máa gbà, ẹ lọ bá olùkọ́ tó sún mọ́ yín. Kí ẹ mú gbogbo ìwé náà lọ, kódà àwọn tí ẹ rò pé kò wúlò.